Ọwọ́, Ẹsẹ̀ àti Ẹnu: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Gólì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ó ku díẹ̀ kí àṣekágbá ìdíje CAF Champions League parí ní Àbújá. Enyimba ti ìlú Aba ń fi 2 sí 1 na Étoile du Sahel ti Tùnísíà, ṣùgbọ́n 2 sí 1 náà ni Étoile ti fi nà wọ́n ní Sousse ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ti di ti pẹ̀nárítì. Ìgbà yẹn ni kóòṣì Okey Emordi yọ gólì rẹ̀, Vincent Enyeama, tó sì rán Délé Aiyenugba wọlé. Kì í ṣe pé Enyeama fara pa. Emordi kàn gbà pé ẹni tó mọ ilé ṣọ́ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lè má jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù nígbà pẹ̀nárítì. Enyimba borí ní 5 sí 3, ife náà sì di tiwọn lẹ́ẹ̀kejì léraléra.

Ṣàṣà kóòṣì ló lè dán irú ẹ̀ wò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú ife àgbáyé tí wọ́n gbá ní Brazil, Louis van Gaal tó ń darí ikọ̀ Netherlands yọ Jasper Cillessen, ó fi Tim Krul rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó gbá pẹ̀nárítì pẹ̀lú Costa Rica. Gbogbo ayé pariwo bí ẹni pé ojú ò rí irú ẹ̀ rí. Ojú àwọn ará Aba ti rí i tipẹ́.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹgbẹ́ ni kò lè pín iṣẹ́ náà sí méjì. Gólì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú, òun náà ni yóò sì ṣe gbogbo ẹ̀: kó dá bọ́ọ̀lù dúró, kó jáde nígbà kọ́nà, kó máa pàṣẹ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀, kó tún fi ẹsẹ̀ pín bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń gbá àárín. Kò sì sí ẹni tí Elédùmarè fún ní gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba. Èyí tó mọ pẹ̀nárítì í mú lè di ọ̀dẹ̀ tí kọ́nà bá dé. Èyí tí ẹnu ẹ̀ ń to àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn bí ológun lè má ní ọwọ́ tó yá. Iṣẹ́ kóòṣì ni láti mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì, ìwọ̀n náà kò sì rọrùn, nítorí pé ojú ń rí ọ̀kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èkejì.

Ní Alákijà ní Èkó, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Badagry, àti káàkiri Festac, inú monkey post ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ ń mọ bọ́ọ̀lù. Festac tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àjọ̀dún àṣà ti ọdún 1977 kún fún kílóòsì, àwọn òpópó kéékèèké tí kò já síbì kan. Ọkọ̀ ò lè sáré níbẹ̀, ọmọdé kì í sì í pẹ́ gbé òkúta méjì kalẹ̀ kó pè é ní ilé. Ilé náà ò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ, nítorí náà kì í ní gólì. Ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù títí ohùn ẹ̀ á fi fẹ́ yí padà láìdúró lójú ilé rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé pápá ńlá tó ní òpó ni wọ́n tó ń wá gólì kiri, ẹni tó ga jù tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dùn ún wò ni wọ́n sì máa ń tì síbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń wo gólì bí ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ̀.

Lórí pápá yẹn, sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbá. Àkókò kékeré ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà á jáde, òmíràn á wọlé. Bí ọ̀mì bá wà, pẹ̀nárítì ló sábà máa ń parí ẹ̀. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, gólì tó mọ pẹ̀nárítì í mú lọba. Kò sẹ́ni tó bìkítà bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn sójú ilé, torí pé eré náà ò gùn tó kí ẹ̀kọ́ yẹn tó méso wá. Ṣùgbọ́n gbé gólì kan náà lọ sínú líìgì Nàìjíríà, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan, tí ọ̀mì sì jẹ́ ọ̀mì. Pẹ̀nárítì tó máa kojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin lè má pé mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù kọ́nà àti èyí tí wọ́n gbé láti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni. Ohun tó jẹ́ wúrà ní Festac lè di bàbà níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kóòṣì kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ léèrè irú eré tó fẹ́ gbá, kó tó béèrè gólì tó dára.

Nínú ìdíje tó bá ní ìpele bí-o-bá-yè-mo-kú, òṣùwọ̀n tún yí padà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 2024, ní Bouaké nínú ìdíje ife Áfíríkà, Stanley Nwabali mú pẹ̀nárítì méjì lọ́wọ́ Teboho Mokoena àti Evidence Makgopa, Super Eagles sì fi 4 sí 2 borí South Africa lẹ́yìn ọ̀mì 1 sí 1. Ti Chiamaka Nnadozie tilẹ̀ ṣeé fi ìṣirò wò dáadáa. Ní oṣù Keje ọdún 2023, nínú ife àgbáyé àwọn obìnrin ní Melbourne, ó mú pẹ̀nárítì Christine Sinclair ti Canada, ọ̀mì ni wọ́n sì gbá, 0 sí 0. Nígbà tí ìpele náà parí, Australia ní máàkì 6, Nàìjíríà 5, Canada 4. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn wọlé tí eré sì parí bẹ́ẹ̀, Canada á ní 6, Nàìjíríà á ní 4, Super Falcons á sì di ẹrù wọn. Ọwọ́ kan, lẹ́ẹ̀kan, gbé odidi orílẹ̀-èdè kọjá.

Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí ènìyàn rò pé ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí apá kejì, kó lọ dúró lẹ́yìn àwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà. Gólì tó mọṣẹ́ kì í wo bọ́ọ̀lù nìkan. Á fi ọwọ́ ti ẹnìkan mọ́ òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù, á pe ẹlòmíràn lórúkọ: “Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!” Á ní kí ẹni tó ga jù lọ sún mọ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, á ti pinnu: “Tèmi ni!” Gbogbo àwọn tó wà níwájú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fò sókè láàárín wọn, á sì gbá a mọ́yà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, àwọn tó ń ra gúgúrú ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Gólì tó dákẹ́ ńkọ́? Ó dúró lórí ìlà, ọ̀tá yọ láìsẹ́ni tó mú un, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, gólì náà sì fò bí ológbò, ó fi ìka mẹ́ta tì í kọjá òpó òkè. Ariwo sọ! Wọ́n ń kígbe orúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní bí kò bá sí tiẹ̀ ni, wọn ì bá ti nà wọ́n mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ka iye bọ́ọ̀lù tí gólì mú á fún ẹni kejì yìí ní máàkì tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu tí kò là ló bí bọ́ọ̀lù náà.

Kíka iye ìgbà tí gólì kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Enyeama kan náà tí Emordi yọ lọ sí Lille ní ilẹ̀ Faransé. Ní sáà 2013 sí 2014, ó lo ìṣẹ́jú 1,062 nínú líìgì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́ọ̀lù kan àwọ̀n rẹ̀, kí Bordeaux tó já a ní oṣù Kejìlá. Ó ku ìṣẹ́jú 114 kó bá Gaëtan Huard, tó ní 1,176, dọ́gba. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Síbẹ̀, Simon Kjær àti Marko Baša wà níwájú rẹ̀, kóòṣì wọn, René Girard, sì to ẹgbẹ́ náà bí ẹni tó ń mọ odi. Mélòó nínú 1,062 yẹn ni ti gólì, mélòó ni ti odi? Bí wọ́n bá sì ní ti odi ni, ta ló ń pariwo sí odi náà láti ẹ̀yìn?

Ti Nwabali tún fi í hàn kedere. Ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2024, Equatorial Guinea gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé rẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbá eré mẹ́rin láìjẹ góòlù kankan. Àwọn tó ń jiyàn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á ní gólì ti jí. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé lẹ́yìn eré àkọ́kọ́ yẹn ni kóòṣì José Peseiro yí ìtò padà, tó fi ènìyàn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn: Troost-Ekong, Ajayi àti Bassey. Ohun méjì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fún ẹnìkan ní gbogbo ọpẹ́ ń ta ayò ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá irú ìṣòro yìí jà ju ẹnikẹ́ni lọ, nínú eré béísìbọ́ọ̀lù wọn. Nínú eré náà, ẹnìkan ń ju bọ́ọ̀lù, ọ̀tá dúró pẹ̀lú igi láti gbá a, ẹnìkan sì lóṣòó sẹ́yìn ọ̀tá yẹn láti hán bọ́ọ̀lù tí kò bá bà. Ahánbọ́ọ̀lù yìí ló ń fi ìka ṣe àmì fún ẹni tó ń jù ú, pé irú èyí ni kó jù báyìí. Nígbà tó bá yá, òun náà á gbé igi, á wá gbá. Nítorí náà ó ní iṣẹ́ méjì: èyí tó ń ṣe fún ara rẹ̀ pẹ̀lú igi, tí wọ́n ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó ń ṣe fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n á ṣe kà á.

Ní Atlanta ní àwọn ọdún 1990, Javy López ni ahánbọ́ọ̀lù tó mọ igi lò. Ní ọdún 2003, bọ́ọ̀lù 43 ló gbá fò jáde ní pápá. Ṣùgbọ́n Greg Maddux, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù í jù jù lọ nínú ìtàn eré náà, Eddie Pérez ló fẹ́ kó máa hán bọ́ọ̀lù tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi Pérez kò sún mọ́ ti López rárá. Àwọn adarí gbà fún un. Wọ́n fi igi ṣòfò kí ọkàn ẹni tó ń jù ú lè balẹ̀. Ṣé wọ́n jèrè? Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Keith Woolner, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìṣirò eré náà, yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò, ó fi ẹnìkan náà tó ń ju bọ́ọ̀lù wéra nígbà tí ahánbọ́ọ̀lù bá yàtọ̀, kò sì rí ìyàtọ̀ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: ẹ mú ẹni tó mọ igi lò.

Kò parí. Nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń tọpa bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sínú gbogbo pápá, ní àárín ọdún 2006 sí 2008, wọ́n rí nǹkan mìíràn. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gba bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí etí ààlà ibi tó yẹ kí wọ́n jù ú sí, tí rẹ́fírì á fi kà á sí èyí tó wọlé. Ìdíwọ̀n tí oníṣirò mìíràn, Mike Fast, ṣe lọ́dún 2011 fi hàn pé ohun kékeré yìí, tí wọ́n bá kó o jọ fún odidi sáà, ń já sí máàkì púpọ̀. José Molina, tí igi rẹ̀ kò ní láárí, di ẹni tí ẹgbẹ́ Tampa Bay gbé iṣẹ́ fún nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún 35. Ìyàlẹ́nu tún wà níbẹ̀. Mike Piazza, tó gbá bọ́ọ̀lù 396 fò jáde gẹ́gẹ́ bí ahánbọ́ọ̀lù, tí gbogbo ènìyàn sì ń bú pé kò mọ iṣẹ́ ẹ̀yìn nítorí àwọn tó ń sáré jí ààyè mọ́ ọn lọ́wọ́, ìṣirò tuntun ní ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an létí ààlà. Apá tó ṣeé fojú rí nínú àìdára rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà.

Ohun tó wúlò jù nínú ìtàn yẹn fún kóòṣì bọ́ọ̀lù ni pé wọ́n sọ ohun gbogbo di owó kan ṣoṣo. Máàkì mẹ́wàá, ní ìṣirò wọn, tó ìṣẹ́gun kan. Igi a di máàkì, ọwọ́ a di máàkì, wọ́n á rò wọ́n pọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, góòlù ni owó náà. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò nílẹ̀ Yúróòpù ti ń fún gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá kọjú sílé ní iye kan: láti ibi tí wọ́n ti gbá a àti igun tó forí lé, ìgbà mélòó ni irú ẹ̀ máa ń wọlé nínú ọgọ́rùn-ún? Pẹ̀nárítì máa ń wọlé ní ohun tó lé díẹ̀ ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti òkèèrè lè má wọlé ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ iye tó wọlé gan-an kúrò, èyí tó ṣẹ́kù ni ti ọwọ́ gólì. Ó fi òótọ́ hàn nípa ọwọ́. Nípa ẹnu, kò sọ nǹkan kan, torí pé bọ́ọ̀lù tí wọn kò rí gbá kò sí nínú ìwé.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Títí di ọdún 1992, gólì lè fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ dá padà fún un. Òfin tuntun fòpin sí i, ẹsẹ̀ gólì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní iye. Ẹni tó gbé iye yẹn ga jù ni Pep Guardiola. Bó ṣe dé Manchester City ní ọdún 2016, ó yọ Joe Hart, ó mú Claudio Bravo wá nítorí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, ó di dandan kó ra Ederson ní ọdún 2017, tó ní ẹsẹ̀ tó sì ní ọwọ́. Sáà àkọ́kọ́ Ederson, City gba máàkì 100. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: ẹsẹ̀ ni. Ó wá di ọdún 2025. Paris Saint-Germain, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Champions League, kò fẹ́ Gianluigi Donnarumma mọ́, wọ́n lọ mú Lucas Chevalier ní Lille. Ta ló gba Donnarumma, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ ló ní, kì í ṣe ẹsẹ̀? Guardiola fúnra rẹ̀.

Wọn kì í wọn góòlù tí gólì bá fúnra rẹ̀ gbá wọlé sórí ìwọ̀n kan náà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ìdí. Peter Rufai, ọmọ ọba Ìdímù tó kú ní oṣù Keje ọdún 2025, gbá pẹ̀nárítì wọlé fún Nàìjíríà ní ọdún 1993 nígbà tí wọ́n fi 6 sí 0 na Ethiopia. Enyeama gbá tirẹ̀ sínú àwọ̀n Lyon nínú Champions League ti Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, nígbà tó wà ní Hapoel Tel Aviv. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ì bá gbá pẹ̀nárítì náà, bóyá kó sì wọlé lọ́wọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Èrè tó jẹ́ ti gólì gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹni tó kàn, ìyàtọ̀ yẹn sì lè má tó nǹkan. Ahánbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà kò rí ẹni bá a gbé igi, dandan ni kó gbá tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi ṣe wúwo lọ́hùn-ún ju pẹ̀nárítì Rufai lọ níbí.

Kóòṣì ẹgbẹ́ kékeré ní Amuwo-Odofin tí Festac wà kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó lè ní ìwé àjákọ àti bírò. Kò nílò ju ohun mẹ́ta lọ nínú rẹ̀: bọ́ọ̀lù tó kọjú sílé àti ibi tó ti wá, bọ́ọ̀lù kọ́nà tàbí ti ẹ̀gbẹ́ tí gólì jáde sí àti èyí tí kò jáde sí, bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ gólì sọ nù tó sì di wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n Woolner: kó jẹ́ kí àwọn mẹ́rin kan náà máa gbá ẹ̀yìn, kó wá máa pààrọ̀ gólì lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún-ogún ní ibi ìgbaradì. Bí bọ́ọ̀lù tó ń kọjú sílé bá dín kù nígbà tí gólì kan wà níbẹ̀, tí àwọn tó wà níwájú ò sì yí padà, ẹnu gólì yẹn ló ṣiṣẹ́. Eré méjì tàbí mẹ́ta ò tó fún ìdájọ́. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn pẹ̀lú, lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí gólì ò ti ní gbọ́. Ìdáhùn wọn lè tako ìwé, bíi ti Maddux, kò sì yẹ kí wọ́n kàn dà á nù.

Òfin pẹ̀lú kì í jẹ́ kí ìwọ̀n dúró síbì kan. Láti ọdún 2026, líìgì béísìbọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà gbà kí ẹgbẹ́ máa pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ ẹ̀rọ lórí ìdájọ́ rẹ́fírì nípa bọ́ọ̀lù etí ààlà, ọwọ́ jẹ́jẹ́ irú ti Molina á sì pàdánù díẹ̀ nínú iye rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, láti àárín ọdún 2025, gólì tó bá di bọ́ọ̀lù mọ́yà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ á fún ọ̀tá ní kọ́nà. Gólì tó ń fi àkókò yẹn sinmi, tó ń fi to àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí àyè wọn, ní láti yára lanu báyìí, kó sì yára lo ẹsẹ̀. Lórí pápá sẹ́ẹ̀tì ní Festac, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó ń dúró de àyè ló ń pariwo pé kí gólì tètè jù ú.